Asparagus ń rọ̀ jù lókè, ó ń le jù nísàlẹ̀: báwo ni ẹ ṣe ń sè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ?

Adérónkẹ́_Alẹ́ (ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará ilé ìdáná, mo kí yín o. Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti pinnu pé ẹ̀fọ́ kan tí kò ní wàhálà gbọ́dọ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ alẹ́ wa, yálà ẹja ni a jẹ tàbí adìyẹ. Asparagus, ẹ̀fọ́ tí ó gùn gbọọrọ bí ọ̀pá, ni mo yàn, nítorí mo gbọ́ pé ó yá sè, kò béèrè èròjà púpọ̀, ó sì ń ṣe ara lóore. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti sè é báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni kò sì dára.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń kó o sínú omi tí ó ń hó, n ó dé ìkòkò, n ó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12 tàbí 15 kí ó lè rọ̀. Nígbà tí mo bá fi máa ṣí i, àwọ̀ ewé tí ń dán yanran tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ ẹrẹ̀, orí rẹ̀ ti túká sínú omi, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣì le débi pé àbíkẹ́yìn mi jẹ ẹ́ títí, kò gbé e mì, ó sì tu òkìtì okùn wínníwínní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ohun tí ó rú mi lójú ni pé ọ̀pá kan náà ni ó rọ̀ jù lókè tí ó sì le jù nísàlẹ̀. Bí mo bá ní kí n tún sè é sí i nítorí ìdí, orí á bàjẹ́. Bí mo bá ní kí n dín àkókò kù nítorí orí, ẹ̀rù ń bà mí pé ìdí kò ní ṣe é jẹ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ń ṣì í ṣe?

Ìyá_Onídàáná

Adérónkẹ́ ọmọ mi, o kú akitiyan. Ẹ̀ṣẹ̀ ewébẹ̀ náà kọ́ rárá. Ìṣẹ́jú 12 ti pọ̀ jù fún un, àní ìdajì rẹ̀ gan-an ti pọ̀. Ọ̀pá tí kò nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ, ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó o nínú omi tí ó ń hó. Èyí tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, ìṣẹ́jú 4 sí 5 ni. Òpìtàn Róòmù nì, Suetonius, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí olú-ọba Augustus bá fẹ́ sọ pé nǹkan yá wéré, á ní ó yá ju kí asparagus jinná lọ. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe rí títí di òní.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń lo ìkòkò tí ó fẹ̀ tó kí àwọn ọ̀pá náà lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú rẹ̀, n ó sì bu omi púpọ̀ sí i, torí omi kékeré máa ń tutù bí ẹ̀fọ́ bá ti wọ inú rẹ̀, yóò sì pẹ́ kí ó tó tún hó. N ó fi iyọ̀ sí i títí a ó fi mọ̀ ọ́n lẹ́nu dáadáa. Ìgbà tí omi bá ń hó yaya ni n ó tó kó asparagus sí i, n kò sì ní dé ìkòkò. Láti ìṣẹ́jú kejì ni n ó ti máa fi ṣónṣó ọ̀bẹ gún ìdí ọ̀kan wò: bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí àárín ṣì dá a dúró díẹ̀, ó ti tó. Bí ọ̀bẹ kò bá dá ọ lójú, fi fọ́ọ̀kì gbé ọ̀kan sókè láti agbedeméjì. Kí ó tẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ ní ìhà méjèèjì ni à ń fẹ́. Bí ó bá wó bí okùn, ó ti kọjá ààlà. Bí ó bá nàró gan-an bí igi, fún un ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí i.

Má sì gbàgbé pé ooru tí ó ti wọ inú rẹ̀ kò ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí pé o gbé e kúrò lórí iná. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa jẹ ẹ́ ní gbígbóná, gbé e kúrò nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná bí o ṣe fẹ́, yóò parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí àwo. Bí ó bá jẹ́ pé tútù ni ẹ máa jẹ ẹ́, kó o sínú omi oníyìnyín kíákíá, má jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, kí o sì fi aṣọ tó mọ́ nù ún gbẹ. Òróró àti iyọ̀ kì í mú ẹ̀fọ́ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Ọgbà_Àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Asparagus wà nínú ọgbà mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ó ń le yẹn, torí pé dídín àkókò kù nìkan kò lè wò ó sàn.

Ohun tí à ń jẹ lára asparagus kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe gbòǹgbò. Èhù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti inú ilẹ̀ ni. Bí a kò bá gé e, yóò ga, yóò ya ẹ̀ka, yóò sì di ìṣù ewé wínníwínní, abo rẹ̀ á sì so èso pupa wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu nítorí pé ó ní májèlé. Ọdún 2 sí 3 ni à ń fi sùúrù dúró dè é lẹ́yìn gbíngbìn kí a tó máa kórè rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá bá a lára mu, ojú kan náà ni yóò ti máa hù fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gígé kì í pa èhù yìí lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń mí, ó sì ń mí kíkankíkan ju ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ yòókù lọ, àdídùn inú rẹ̀ ni ó sì ń ná bí ó ṣe ń mí. Ní àkókò kan náà, èròjà tí ń sọ igi di igi, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lignin, á máa le sí i láti ojú ibi tí a ti gé e lọ sí òkè. Sísè kò lè rọ lignin, bí a tilẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ dáná sí i. Ìdí nìyẹn tí orí fi fọ́ tí ìdí sì dúró, nítorí pé orí ṣì jẹ́ ọmọ titun, ìdí sì ti di àgbà. Ọ̀bẹ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe iná.

Bí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ṣónṣó orí rẹ̀: kí àwọn ìpẹ́ kéékèèké tí ó wà níbẹ̀ pa ẹnu dé pinpin, kí ó má ṣí, kí ó má sì tutù rinrin. Ẹ wo ìdí náà: ojú ibi tí wọ́n gé kò yẹ kí ó súnkì tàbí kí ó là bí igi tí oòrùn pa. Bí ẹ bá fi ọ̀pá méjì gbo ara wọn, kí ẹ gbọ́ ìró kín-ín-rín kan. Èyí tí ó bá ti rọ kì í dún. Nígbà tí ẹ bá sì délé, ẹ gé díẹ̀ kúrò nídìí, ẹ kó wọn dúró sínú ife tí omi rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n lórí láì so ó, kí ẹ sì gbé wọn sínú fìríìjì. Ọjọ́ 3 tàbí 4 ni ó dára kí a ti jẹ ẹ́ tán. Èmi kì í jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì.

Káyọ̀dé_B

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n di ọ̀pá náà mú ní orí àti ní ìdí, kí n tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dá, nítorí pé ojú ibi tí líle ti pàdé rírọ̀ gan-an ni yóò ti dá. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rí okùn nínú rẹ̀ rí. Kí ló dé tí a fi ń wá ọ̀bẹ kiri?

Ìyá_Onídàáná

Káyọ̀dé, ohun tí o sọ kò burú, kò sì ní sí okùn nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wo ohun tí ò ń dà nù. Mú ọ̀pá kan náà, tẹ̀ ẹ́ níbi tí ó súnmọ́ orí, yóò dá níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ díẹ̀, yóò dá níbẹ̀ náà. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá wà ni ó ń pinnu, kì í ṣe ibi tí líle ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èmi náà ń dá a bẹ́ẹ̀, mo kó gbogbo ohun tí ó ṣẹ́kù jọ lọ́jọ́ kan, mo sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo rà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Láti ìgbà náà, mo ń to wọn sórí pákó, n ó sì fi ọ̀bẹ gé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 kúrò nídìí, níbi tí ó funfun tí ó sì gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀pá náà bá nípọn, n ó bó èèpo rẹ̀ láti ìdajì lọ sí ìdí. Ara èèpo ni líle pọ̀ sí jù; inú rẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀ rọ̀, ó sì ní omi dídùn. Fi ọ̀pá náà lélẹ̀ lórí pákó nígbà tí o bá ń bó o, má gbé e dání lófìfo, torí pé yóò ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Adérónkẹ́, bí o bá bó o báyìí, orí àti ìdí yóò jinná ní àkókò kan náà, ohun tí ó ń rú ọ lójú yẹn yóò sì tán.

Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní kí a bó o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọmọdé, kí ó nípọn ni ó gbó. Bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ṣe ń yọ láti inú ilẹ̀, bí ó ṣe nípọn náà ni ó ṣe ń yọ. Èmi a máa yan èyí tí ó nípọn, nítorí pé inú rẹ̀ pọ̀ ju èèpo lọ.

Káyọ̀dé_B

Ẹ ṣé o, ìyá wa. N ó wọn ohun tí mò ń dà nù ní ọ̀tẹ̀ yìí.

Fẹ́mi_Yíyan

Ọ̀rọ̀ omi ni ẹ ti ń sọ láti àárọ̀, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí Adérónkẹ́ bá fẹ́ ohun tí ó rọrùn jù fún alẹ́ tí iṣẹ́ ti pọ̀, ófùnù ni kí ó lò. Omi máa ń fa adùn jáde. Ooru gbígbẹ ń kó adùn jọ sójú kan, nítorí pé nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n asparagus ni ó jẹ́ omi, bí díẹ̀ nínú omi náà bá sì ti gbẹ, ohun tí ó ṣẹ́kù á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tan ófùnù sí 220°C, kí o sì dúró kí ó gbóná tán. Fọ asparagus rẹ, pàápàá orí, nítorí pé iyanrìn máa ń fara pamọ́ sábẹ́ àwọn ìpẹ́ tí Ọgbà_Àárọ̀ sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀yìn náà ni kí o gbẹ ẹ́. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ gbígbẹ yìí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù: bí omi bá wà lára rẹ̀, oru ni yóò sè é, kò ní yan. Fún gíráàmù 500, ṣíbí ìjẹun kan òróró ólífì ti tó. Da òróró náà sí i lórí, fi ọwọ́ pa á yíká títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi máa dán, wọ́n iyọ̀ sí i àti ata lílọ̀ díẹ̀, kí o sì tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí páànù fífẹ̀. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ gun orí èkejì.

Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò jinná láàrin ìṣẹ́jú 8 sí 10, èyí tí ó nípọn láàrin 12 sí 15. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn ófùnù nígbà tí ó tó, wàá rí i pé ṣónṣó orí ti gbẹ díẹ̀, ó ti pọ́n ní etí, ara ọ̀pá náà ti hunjọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ibì kan tàbí méjì, ìhà tí ó kan páànù sì ti ní àmì ìyan. Bí o bá bù ú jẹ níbẹ̀, orí á dún kẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, àárín á sì rọ̀. Aáyù dùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò jóná, yóò sì korò. Ìṣẹ́jú 3 tí ó kẹ́yìn ni kí o tó fọ́n ọn sí i.

Bí kò bá sí ófùnù, páànù lásán lórí iná tí ó gbóná dáadáa ń ṣe iṣẹ́ kan náà láàrin ìṣẹ́jú 5 sí 7, bí o bá ń yí wọn láti ìgbà dé ìgbà.

Adérónkẹ́_Alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan kù lórí àwọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn lẹ́mọ́ọ̀nù, mo sì máa ń fún un sínú omi tí mo fi ń sè é. Ṣé ó lọ́wọ́ nínú bí ó ṣe ń ṣú bí ẹrẹ̀ yẹn? Ẹnì kan tilẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n fi sódà ìdáná sí omi náà kí ewébẹ̀ má baà ṣá.

Olùkọ́_Kẹ́místrì

Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gan-an, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ nítorí pé yóò wúlò fún gbogbo ẹ̀fọ́ tí ó ní àwọ̀ ewé. Èròjà tí ó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ni chlorophyll, ní àárín gbùngbùn èròjà yìí sì ni horo magnesium kan wà. Ohun kíkan, bí omi lẹ́mọ́ọ̀nù, máa ń lé magnesium náà kúrò bí ooru bá ti wà níbẹ̀, hydrogen á sì gba ipò rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọ̀ ewé yóò di àwọ̀ ẹrẹ̀. Ewébẹ̀ náà ní èròjà kíkan tirẹ̀ nínú, tí ó ń tú jáde bí ó bá ṣe ń pẹ́ lórí iná. Díẹ̀ nínú èròjà kíkan yìí máa ń bá oru lọ bí ìkòkò bá ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá dé e, yóò kán padà sínú omi. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó pàdé nínú ìkòkò yín: lẹ́mọ́ọ̀nù, ọmọrí àti ìṣẹ́jú 15.

Ẹ má fi lẹ́mọ́ọ̀nù sílẹ̀ o, nítorí pé ó bá asparagus mu púpọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí ó di orí àwo kí ẹ tó fún un lé e, ní kété tí ẹ bá fẹ́ jẹun. Ní ti sódà, òótọ́ ni pé yóò pa àwọ̀ mọ́, àmọ́ yóò ba ara ewébẹ̀ náà jẹ́, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀, yóò sì tún ba díẹ̀ nínú fítámì rẹ̀ jẹ́. N kò gbà yín níyànjú láti lò ó. Bí ẹ bá sì rí asparagus tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àlùkò, ẹ má ṣe yà lẹ́nu bí ó bá di àwọ̀ ewé lórí iná. Àwọ̀ àlùkò yẹn kì í fara da ooru.

Atọ́nà_Oúnjẹ

Iṣẹ́ mi ni láti máa gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ, inú mi sì dùn pé ẹ̀fọ́ ni ìjíròrò yìí dá lé. Gíráàmù 100 asparagus kò ní ju nǹkan bí kálórì 20 lọ, ó ní nǹkan bí gíráàmù 2 purotéènì àti gíráàmù 2 fáíbà. Ohun tí ó fi ta ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ yọ ni foléètì, ọ̀kan nínú ìdílé fítámì B, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ titun, tí ó sì ṣe pàtàkì fún obìnrin tí ó fẹ́ lóyún tàbí tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ó ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ inú. Ẹ jọ̀wọ́, kò rọ́pò oògùn tí wọ́n bá fún aláboyún ní ilé ìwòsàn.

Inú omi ni foléètì máa ń yọ́ sí. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi ni, oru ni n ó fi sè é: n ó da omi díẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, n ó gbé ajere lé e, n ó to asparagus sí i láì jẹ́ kí omi kàn án, n ó sì dé e fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Àkókò náà kò pẹ́ tó ohun tí yóò ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Yíyan tí Fẹ́mi ṣàlàyé náà dára, òróró rẹ̀ sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí pé ara kò lè gba fítámì K àti èròjà tí ó ń di fítámì A dáadáa bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti jẹ ẹ́ láì ní òróró rárá nítorí àtifọn. Kí a máa rì í sínú bọ́tà ni n kò fẹ́.

Mo ní láti sọ ti fítámì K yìí yékéyéké. Ẹni tí ó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò ní láti sá fún asparagus, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ pé kò jẹ ẹ́ ní oṣù yìí, kí ó sì wá máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ní oṣù tí ń bọ̀ láì sọ fún dókítà rẹ̀. Kí ìwọ̀n tí ó ń jẹ má yí padà lójijì ni ó ṣe pàtàkì. Àwọn tí ó ní gáòtì, àìsàn tí ń mú oríkèé ara wú tí ó sì ń ro ni, náà máa ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí purine, èròjà inú oúnjẹ tí ó lè dá àìsàn yìí sílẹ̀, tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine tẹ̀ jáde ní 2004, nínú èyí tí wọ́n ti tọpa àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 47,000 fún ọdún 12, fi hàn pé ẹran àti oúnjẹ inú omi ni ó bá gáòtì rìn. Ewébẹ̀ tí ó ní purine kò fi kún ewu rẹ̀.

Ṣadé_Ológe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Lẹ́yìn tí mo jẹ asparagus ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé ìtọ̀ mi ní òórùn kan tí kò dára rárá, kò sì tí ì tó wákàtí kan tí mo jẹun. Àyà mi já. Ọkọ mi jẹ nínú oúnjẹ kan náà, ó ní òun kò gbọ́ òórùn kankan. Ṣé kíndìnrín mi ni?

Atọ́nà_Oúnjẹ

Arábìnrin mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Acid kan wà nínú asparagus tí a kò mọ̀ mọ́ ewébẹ̀ mìíràn, orúkọ rẹ̀ sì ni asparagusic acid. Bí ara bá ti tú u palẹ̀, àwọn èròjà onímí-ọjọ́ tí ó fúyẹ́ á jáde nínú rẹ̀, wọn á sì bá ìtọ̀ lọ. Imí-ọjọ́ yìí ni ó ń rùn. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1781 pé ọ̀pá díẹ̀ péré ti tó láti sọ òórùn ìtọ̀ di ohun mìíràn.

Ní ti ọkọ yín, imú kò dọ́gba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ̀ jáde ní 2016, tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ará Amẹ́ríkà 6,909 tí ìran wọn wá láti Yúróòpù, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn kì í gbọ́ òórùn náà, àwọn olùwádìí sì rí i pé àbùdá tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn ni ó fà á. Bí kò bá sí ìrora, tí àwọ̀ ìtọ̀ yín kò sì yí padà, òórùn náà yóò lọ fúnra rẹ̀.

Káyọ̀dé_B

Ẹ jẹ́ kí n fi ti funfun kún un kí ẹnikẹ́ni má baà fi àkókò tí ìyá wa sọ sè é. Asparagus funfun àti aláwọ̀ ewé, ohun kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ máa ń wa erùpẹ̀ bo èhù rẹ̀ kí oòrùn má kàn án, chlorophyll kò sì ní ráyè wọ inú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ni ìkórè rẹ̀ sì máa ń parí níbẹ̀ lọ́dọọdún, kí èyí tí ó bá kù nínú ilẹ̀ lè ráyè dàgbà kí ó sì kó agbára jọ de ọdún tí ń bọ̀.

Èèpo funfun yìí le, ó sì korò díẹ̀, nítorí náà dandan ni kí a bó o láti abẹ́ orí dé ìdí, yálà ó nípọn tàbí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni ó ń gbà nínú omi tí ó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́, a kì í sì í fẹ́ kí ó dún lẹ́nu bíi ti aláwọ̀ ewé. Kí ó rọ̀ ni adùn rẹ̀.

Adérónkẹ́_Alẹ́

Mo ti padà dé, mo sì fẹ́ jábọ̀ fún yín kúlẹ̀kúlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, omi ni mo lò. Mo gé ìdí, mo bó èèpo láti ìdajì lọ sísàlẹ̀, mo sì ṣí ìkòkò sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti gbé e kúrò ní ìṣẹ́jú kẹta ààbọ̀, torí pé ojú mi kò gbà á gbọ́ pé ó lè ti jinná, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wọlé bí ìyá wa ṣe sọ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dán ju ti ìgbà tí mo rà á lọ. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe ni pé mo pa á tì sínú ajere nígbà tí mò ń tọ́jú ẹja, ó sì ti rọ̀ díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ kí a tó jókòó ti oúnjẹ. Ó ti yé mi báyìí pé asparagus ni kí n gbé kaná kẹ́yìn, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti wà lórí tábìlì.

Ní ọjọ́rú, mo yan án. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, mo fi aṣọ gbẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú 11 ni mo lò, mo wọ́n lẹ́mọ́ọ̀nù sí i lórí àwo, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ kún un. Èyí ni gbogbo ilé fẹ́ràn jù. Àbíkẹ́yìn mi kọ́kọ́ jẹ orí wọn nìkan nítorí pé ìyẹn ni ó ń dún kẹ́ẹ́rẹ́. N kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn wo àwo rẹ̀, ó ti jẹ ìdí náà tán, kò sì tu ohunkóhun jáde.

Mo yan èyí tí ó pọ̀ jù, ọ̀pá 9 sì ṣẹ́kù. Ṣé mo lè gbé e gbóná lọ́la?

Ìyá_Onídàáná

Mo yọ̀ fún ọ, ọmọ mi. Má gbé e gbóná mọ́, nítorí pé iná ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò sọ ọ́ di ohun tí o ń sá fún tẹ́lẹ̀. Kí ó tó pé wákàtí 2 tí o ti gbé e kúrò nínú ófùnù, dé e sínú abọ́ kí o sì gbé e sínú fìríìjì. Yóò dára níbẹ̀ fún ọjọ́ 3. Lọ́la, yọ ọ́ síta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ṣáájú oúnjẹ kí òtútù rẹ̀ lè dínkù, gé e wẹ́wẹ́, bó ẹyin sísè méjì lé e, kí o sì da òróró díẹ̀ pẹ̀lú lẹ́mọ́ọ̀nù tí ó kù sí i.